Neil Turok, ọ̀mọ̀wé tí ń wádìí ìbẹ̀rẹ̀ ayé

Àgbẹ̀ ń roko. Alágbẹ̀dẹ ń lu irin. Aláró ń pa aró. Ẹni tó bá ń kọjá lọ ń rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ojú kì í tètè rí. Àwọn tí ń ṣe é máa ń jókòó sí iyàrá pẹ̀lú bírò àti ìwé, tàbí kí wọ́n dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bí oòrùn, ìràwọ̀ àti gbogbo ohun tó wà lókè ṣe bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí yóò dé bá wọn lẹ́yìn ọ̀la. Gbogbo rẹ̀ pátá, láti ilẹ̀ tí a tẹ̀ títí dé ìràwọ̀ tó jìnnà jù lọ, ni a ó máa pè ní àgbáálá ayé.

Yunifásítì ló ń san owó oṣù fún wọn. Ẹlòmíràn á ní: “Irú iṣẹ́ wo nìyẹn? Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí ayé bẹ̀rẹ̀, tí yóò jẹ́rìí sí ohun tí wọ́n ń sọ?” Ìbéèrè gidi ni. Òun gan-an la fẹ́ dáhùn níbí. A ó sì fi ìgbésí ayé ọkùnrin kan dáhùn rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Neil Turok.

Ọmọ ẹlẹ́wọ̀n

Ìlú Johannesburg, ní Gúúsù Áfríkà, ni wọ́n ti bí Neil Turok ní ọdún 1958. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni Ben. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni Mary. Aláwọ̀ funfun ni àwọn méjèèjì. Nígbà náà, àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ló ń ṣèjọba ní Gúúsù Áfríkà. Wọ́n ṣe òfin tó ya àwọn ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ ara. Aláwọ̀ dúdú kò lè dìbò yan ẹni tí yóò ṣe olórí ìlú. Kò lè gbé ibi tó wù ú. Ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń lọ yàtọ̀, kò sì dára tó ti ọmọ aláwọ̀ funfun.

Ben àti Mary kọ òfin náà. Wọ́n bá Nelson Mandela àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní ọdún 1956, ìjọba mú ènìyàn 156, ó fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn wọ́n. Mandela wà lára wọn. Ben Turok náà wà lára wọn. Ẹjọ́ yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1962, wọ́n rán Ben lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Ìyá pẹ̀lú ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Neil nígbà náà.

Lẹ́yìn tí wọ́n jáde, ìdílé náà sá kúrò ní ìlú. Wọ́n lọ sí Kẹ́ńyà, wọ́n lọ sí Tànsáníà, wọ́n sì wá fìdí kalẹ̀ ní London, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni Neil ti dàgbà.

Ọmọ tó wọn bíríkì

Nígbà tó pé ọmọ ọdún 17, kó tó wọ yunifásítì, Neil padà wá sí Áfríkà fún ìgbà díẹ̀. Ó lọ ṣe olùkọ́ ní abúlé kan ní Lesotho. Ilẹ̀ kékeré ni Lesotho. Gúúsù Áfríkà ló yí i ká níhà gbogbo. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ibẹ̀ ló ti fi ilé sílẹ̀ lọ wa kùsà ní Gúúsù Áfríkà.

Neil fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn yìí. Ní ọjọ́ kan, ó kó àwọn ọmọ jáde síta. Ó ní kí wọ́n sọ bí ilé ẹ̀kọ́ wọn ṣe ga tó. Ó rò pé wọn yóò kàn fojú díwọ̀n rẹ̀ ni. Ó wá rí ọmọdékùnrin kan tó tẹ̀ ba, tó ń fi ẹfun kọ nǹkan sílẹ̀. Ó bi í pé kí ló ń ṣe. Ọmọ náà dáhùn pé òun ti wọn gíga bíríkì kan. Òun ti ka iye bíríkì tó wà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìsọdipúpọ̀ ló kù tí òun ń ṣe lọ́wọ́. Neil kò tilẹ̀ ronú kan ọ̀nà yẹn.

Ẹ̀yin náà lè ṣe é. Ká ní bíríkì kan ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, tí ìlà bíríkì tó wà lára ògiri sì jẹ́ 20. Ẹ fi 20 sọ 15 di púpọ̀. Yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 300. Mítà mẹ́ta nìyẹn. Ẹ jáde lọ wo ògiri kíláàsì yín, kí ẹ fi nọ́ńbà tiyín ṣe é. Ẹ má gbàgbé sìmẹ́ǹtì tó wà láàárín bíríkì kan àti èkejì, nítorí òun náà ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Ọmọ yẹn kò gun ògiri. Síbẹ̀, ó mọ bó ṣe ga tó. Ẹni tó bá sì ṣiyèméjì lè gbé àkàbà wá, kó gùn ún, kó ta okùn sílẹ̀, kó wọ̀n ọ́n. Bí ọmọ náà bá ṣi ìṣirò ṣe, okùn yóò tú àṣírí rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Irú iṣẹ́ tí Neil Turok wá fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe nìyẹn, àfi pé ògiri tirẹ̀ tóbi ju ti ilé ẹ̀kọ́ lọ.

Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Cambridge. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Imperial College ní London ní ọdún 1983. Ó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fún ọdún púpọ̀, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Princeton. Ní ọdún 1997, ó padà sí Cambridge. Láti ọdún 2008 sí ọdún 2019, òun ni ọ̀gá Perimeter Institute ní Kánádà, ilé ìwádìí ńlá tí àwọn tó wà níbẹ̀ kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ìṣirò nípa irú ọ̀rọ̀ báyìí lọ. Ní ọdún 2020, ó gba ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ní Edinburgh, ní Skọ́tlándì. Bí àwọn ọ̀mọ̀wé iṣẹ́ yìí ṣe ń ṣí kiri nìyẹn.

Ààrò tí iná rẹ̀ ti kú

Kí la mọ̀ nípa ìbẹ̀rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìmọ́lẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ń sáré gidigidi. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń rin kìlómítà 300,000. Láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnù jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 30. Ìmọ́lẹ̀ lè rin ọ̀nà yẹn ní ìgbà 10,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Síbẹ̀, oòrùn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ń lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Oòrùn tí a ń rí jẹ́ oòrùn ìṣẹ́jú mẹ́jọ sẹ́yìn. Ìràwọ̀ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti òmíràn jẹ́ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ti òmíràn jẹ́ mílíọ̀nù ọdún. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wo ọ̀nà jíjìn lókè, àtijọ́ ló ń wò.

Àwọn ìràwọ̀ wà ní agbo agbo, bí agbo àgùntàn. Agbo kan lè ní ìràwọ̀ tó ju bílíọ̀nù 100 lọ. Àlùfáà Kátólíìkì kan wà ní Bẹ́ljíọ́mù, orúkọ rẹ̀ ni Georges Lemaître. Ní ọdún 1927, ó fi ìṣirò hàn pé àgbáálá ayé ń fẹ̀ sí i. Ní ọdún 1929, Edwin Hubble, ará Amẹ́ríkà, wo àwọn agbo ìràwọ̀ náà, ó sì rí i pé bí wọ́n bá ṣe jìnnà sí wa tó ni wọ́n ṣe ń yára jìnnà sí i tó. Ẹ wo ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí wọ́n po ẹ̀pà mọ́. Bó bá ń wú, ẹ̀pà kọ̀ọ̀kan ń jìnnà sí èkejì. Kò sí ẹ̀pà tó ń rìn. Ìyẹ̀fun ló ń wú.

Bó bá jẹ́ pé ó ń fẹ̀ lónìí, a jẹ́ pé ó há lánàá. Bí a bá ń padà sẹ́yìn, a ó dé ìgbà kan tí gbogbo nǹkan há mọ́ra pọ̀, tó sì gbóná ju inú iná alágbẹ̀dẹ lọ láìmọye ìgbà. Ìṣirò sọ pé ìgbà náà jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 13.8 sẹ́yìn. Wọ́n ń pè é ní Ìbúgbàù Ńlá. Orúkọ náà kò tilẹ̀ bá a mu dáadáa, nítorí kì í ṣe ohun kan tó bú níbì kan. Ibi gbogbo ló fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀rí dà? Ẹ wo ààrò. Bí iná bá ti kú ní alẹ́, tí ẹ bá gbé ọwọ́ lé òkúta ààrò ní ìdájí, ẹ ó mọ̀ pé wọ́n dáná níbẹ̀ lánàá. Ní ọdún 1964, ọkùnrin méjì, Arno Penzias àti Robert Wilson, ń fi ẹ̀rọ ńlá kan tó dà bí ìwo gbọ́ ohùn láti òkè, ní New Jersey ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń gbọ́ ariwo kékeré kan tí kò dáwọ́ dúró. Ibi yòówù kí wọ́n kọjú ẹ̀rọ sí, ariwo náà wà níbẹ̀, lọ́sàn-án, lóru, lẹ́ẹ̀rùn, nígbà òtútù. Wọ́n rí ẹyẹlé tó kọ́ ìtẹ́ sínú ẹ̀rọ náà. Wọ́n kó ẹyẹlé kúrò, wọ́n gbọ́n ìgbẹ́ ẹyẹlé dànù, wọ́n nu ibẹ̀ mọ́. Ariwo kò lọ. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n tó mọ̀ pé ohun tí àwọn ń gbọ́ ni ooru tó kù láti ìbẹ̀rẹ̀ àgbáálá ayé. Ó ti tutù gan-an báyìí, ó ti di nǹkan bíi ìwọ̀n 270 sísàlẹ̀ òdo. Ṣùgbọ́n ó kù. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 1978.

Ooru yẹn ni àkàbà àti okùn fún àwọn bíi Turok. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ nípa ìbẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bá a mu. Ní ọdún 1994, Turok àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ṣe ìṣirò kan, wọ́n sì sọ àmì tó yẹ kó wà nínú ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ náà. Kò sí ẹni tó tíì rí àmì yẹn nígbà náà. Ní ọdún 2003, ẹ̀rọ WMAP tí Amẹ́ríkà rán sókè rí i.

Okùn, ẹ̀wà àti aṣọ méjì

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìṣirò Turok ń bá ẹ̀rí mu. Èyí la fẹ́ kí ẹ kà dáadáa.

Láàárín ọdún 1980 sí 1990, òun àti àwọn mìíràn ń wádìí ohun kan tí wọ́n pè ní okùn àgbáálá ayé. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí irú okùn bẹ́ẹ̀ ṣẹ́kù láti ìbẹ̀rẹ̀, kó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ fíìfíì, síbẹ̀ kó wúwo ju òkè ńlá lọ. Bí ewé àti pàǹtí ṣe ń kó jọ sára okùn apẹja nínú odò, bẹ́ẹ̀ ni ìràwọ̀ ṣe kó jọ sí ibi tí okùn náà gbà kọjá. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló gbà á. Turok fi ọdún púpọ̀ ṣe é.

Nígbà tí ìwọ̀n ooru àtijọ́ wá ń dára sí i, ìṣòro dé. Ní ọdún 1997, Turok àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ṣe ìṣirò náà dé òpin. Wọ́n rí i pé bó bá jẹ́ irú nǹkan báwọ̀nyí ló kó ìràwọ̀ jọ, ooru àtijọ́ ì bá rí báyìí báyìí, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ jáde fún gbogbo ènìyàn kà. Iṣẹ́ tí Turok fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú. Lójú tiwa, èyí ṣòro ju kí ènìyàn rí ohun tuntun lọ. Mélòó nínú wa ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀?

Ní ọdún 1998, òun àti Stephen Hawking gbé ìṣirò mìíràn jáde. Ọ̀mọ̀wé Cambridge ni Hawking. Àrùn ti mú gbogbo ara rẹ̀, orí kẹ̀kẹ́ ló máa ń jókòó sí, ẹ̀rọ ló sì máa ń bá a sọ̀rọ̀. Ó kú ní ọdún 2018. Ìṣirò wọn sọ pé àgbáálá ayé lè bẹ̀rẹ̀ láti ara ohun kan tó kéré púpọ̀, tí kò sí nǹkan kan ṣáájú rẹ̀. Wọ́n fi í wé hóró ẹ̀wà kan. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ káàkiri. Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn ta kò ó gidigidi, Turok pàápàá kò sì dúró pẹ́ lórí rẹ̀.

Nítorí ìbéèrè kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ṣé òótọ́ ni pé kò sí nǹkan kan ṣáájú?

Ní ọdún 1999, ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé wáyé ní Cambridge. Turok àti ará Amẹ́ríkà méjì, Paul Steinhardt àti Burt Ovrut, wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí London. Eré ìtàgé ni wọ́n ń lọ wò. Inú ọkọ̀ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn, ọ̀kan ń sọ, èkejì ń gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ ní London, wọ́n ti rí ohun tuntun kan. Wọ́n gbé e jáde ní ọdún 2001.

Ohun náà nìyí. Ẹ fojú inú wo aṣọ méjì tí a sá sórí okùn méjì, tí wọ́n kọjú síra wọn. Atẹ́gùn fẹ́, aṣọ méjèèjì gbá ara wọn, wọ́n sì tún yà. Turok àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó ṣeé ṣe kí gbogbo ohun tí a ń rí, ilẹ̀, oòrùn àti ìràwọ̀, wà lórí ọ̀kan nínú irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Èkejì wà nítòsí, ṣùgbọ́n ojú wa kò lè rí i. Nígbà tí àwọn méjèèjì gbá ara wọn, ooru ńlá jáde. Ooru yẹn la ń pè ní Ìbúgbàù Ńlá. Aṣọ kì í tẹ́jú pátápátá, ó máa ń ká kò níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ibi tó kọ́kọ́ kanra gbóná ṣáájú ibòmíràn, irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ́ kí ìràwọ̀ kó jọ sí ibì kan ju ibòmíràn lọ. Ní ọdún 2002, Turok àti Steinhardt fi kún un pé wọ́n lè máa gbá ara wọn lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ bílíọ̀nù ọdún. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí a ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Àgbáálá ayé ti wà ṣáájú rẹ̀.

Ohun tí fíìmù ń fi hàn

Ilé iṣẹ́ BBC ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ètò kan lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní Horizon. Fíìmù nípa ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni. Ní ọdún 2002, wọ́n ṣe ọ̀kan tí wọ́n pè ní Parallel Universes, ìyẹn ni pé àgbáálá ayé lè pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Turok àti àwọn tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ojú irin wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2010, Horizon tún béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú Ìbúgbàù Ńlá. Turok tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn tí èrò wọn kò bá tirẹ̀ mu.

Ó dára kí a mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú fíìmù báyìí. Àwọn tó ń ya fíìmù á bá ọ̀mọ̀wé sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n á mú ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n á fi orin sí i. Wọ́n á wá ní kí àwọn oníṣẹ́ ọnà fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán iná tó ń bú, aṣọ tó ń gbá ara wọn, ìràwọ̀ tó ń tú jáde bí èéta iná. Àwòrán náà lẹ́wà. Ṣùgbọ́n kò sí kámẹ́rà kankan níbẹ̀ nígbà tí ayé bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ló ya ohun tí ẹ rí. Bí wọ́n bá ń fi ojú ọjọ́ àná han yín nínú ìròyìn, ìyẹn ti ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi aṣọ méjì han yín tó ń gbá ara wọn, ìyẹn jẹ́ èrò ọ̀mọ̀wé kan tí wọ́n sọ di àwòrán. Fíìmù kì í sábà ya ìkínní sọ́tọ̀ kúrò lára ìkejì, ẹni tó ń wò ló gbọ́dọ̀ yà á sọ́tọ̀.

Ohun kan tún wà. Nígbà tí èrò kan bá jẹ́ tuntun, fíìmù á pariwo rẹ̀. Bí èrò náà bá wá ṣubú lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni kì í sábà padà wá ṣe fíìmù nípa bó ṣe ṣubú. Fíìmù àtijọ́ náà yóò ṣì máa lọ káàkiri, ọmọ tó ń wò ó lónìí á rò pé bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. A kò bá Turok wí fún èyí. Ọ̀mọ̀wé tó bá kọ̀ láti sọ̀rọ̀ síta, ta ni yóò mọ ohun tí owó ìlú ń ṣe ní ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Iyàn láàárín ọ̀rẹ́ méjì

Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò gba ọ̀rọ̀ aṣọ méjì. Ohun tí wọ́n gbà ni ti Alan Guth, ará Amẹ́ríkà, tó sọ ní nǹkan bí ọdún 1980 pé ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, àgbáálá ayé wú lójijì, ó wú kọjá ohun tí ẹnu lè sọ, kó tó wá dẹwọ́. Hawking fara mọ́ èyí. Turok kò fara mọ́ ọn mọ́.

Báwo la ṣe lè mọ ẹni tó jàre? Bí àgbáálá ayé bá wú lójijì bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ìgbì kan ṣẹ́kù lójú òfurufú, bí ìgbì omi nígbà tí òkúta bọ́ sódò. Bó bá sì jẹ́ aṣọ méjì ló gbá ara wọn, irú ìgbì bẹ́ẹ̀ kò ní ṣẹ́kù tí a lè rí. Hawking àti Turok jiyàn lé e lórí.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2014, àwọn ọ̀mọ̀wé tó ní ẹ̀rọ kan ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé, níbi tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, kéde pé àwọn ti rí àmì ìgbì náà. Orúkọ ẹ̀rọ wọn ni BICEP2. Ìròyìn náà tàn ká ayé. Hawking sọ lórí rédíò pé òun ti jàre Turok. Turok kò gbà. Ó ní kí wọ́n ní sùúrù, kí ẹ̀rọ mìíràn náà wò ó.

Ẹ̀rọ mìíràn wò ó. Planck ni orúkọ rẹ̀, àwọn ará Yúróòpù ló rán an sókè. Kí ọdún náà tó parí, ó hàn pé eruku tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ tiwa lè mú irú àmì bẹ́ẹ̀ wá. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, àwọn oní-BICEP2 àti àwọn oní-Planck pa iṣẹ́ wọn pọ̀, wọ́n sì gbà pé àwọn kò lè sọ pé àwọn rí ìgbì kankan. Eruku ni.

Ṣé Turok ló wá jàre? Rárá. Pé a kò rí ẹran nínú igbó kò sọ pé kò sí ẹran níbẹ̀. Wọ́n ṣì ń wá ìgbì náà. Ìwọ̀n tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2021 kò rí i. Turok fúnra rẹ̀ tún ti kúrò lórí aṣọ méjì. Láti ọdún 2018, òun àti Latham Boyle ń ṣe ìṣirò mìíràn, tó sọ pé ìhà kejì Ìbúgbàù Ńlá dà bí òjìji inú dígí: àgbáálá ayé kan náà, ṣùgbọ́n tí àkókò rẹ̀ ń lọ sẹ́yìn. Èyí pẹ̀lú sọ pé a kò ní rí ìgbì náà. Bí wọ́n bá rí i lọ́la, ọ̀rọ̀ yìí náà yóò ṣubú. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹnu sọ ọ́.

Òtẹ́ẹ̀lì tó di ilé ẹ̀kọ́

Ní ọdún 1994, gbogbo ènìyàn dìbò ní Gúúsù Áfríkà, dúdú àti funfun, Mandela sì di olórí. Àwọn òbí Turok ti padà sílé. Ben wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Wọ́n wá bi ọmọ wọn pé kí ni òun yóò ṣe fún Áfríkà.

Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni ìṣirò. Ó rí i pé àwọn ọmọ Áfríkà tó mọ ìṣirò dáadáa pọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti parí yunifásítì ní ìlú wọn, ibi tí wọn yóò ti tẹ̀ síwájú kò sí, àfi kí wọ́n ré òkun kọjá. Ní Muizenberg, lẹ́bàá òkun nítòsí Cape Town, òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan wà tó ti di ahoro. Ó ní iyàrá 80. Wọ́n rà á, wọ́n tún un ṣe. Ní ọdún 2003, ilé ẹ̀kọ́ ṣí níbẹ̀. AIMS ni orúkọ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti yunifásítì mìíràn. Ọdún kan péré ni ẹ̀kọ́ náà. Inú ilé kan náà ni olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn, tí wọ́n ti ń jẹun. Àwọn olùkọ́ ń wá láti gbogbo ayé, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kan ilẹ̀kùn olùkọ́ ní alẹ́ láti béèrè ohun tí kò yé e ní ọ̀sán. Turok ní kí wọ́n máa béèrè, kí wọ́n má kàn máa kọ ohun tí olùkọ́ sọ sílẹ̀. Hawking wá síbẹ̀ ní ọdún 2008, lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ọdún 2008 yẹn kan náà ni wọ́n fún Turok ní ẹ̀bùn kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní TED. Nígbà náà, ẹni tó bá gbà á ni wọ́n máa ń bi pé kí ni ó fẹ́ kí ayé bá òun ṣe. Turok ní kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ kí Einstein tó ń bọ̀ jẹ́ ọmọ Áfríkà. Albert Einstein ni ará Jámánì tó gbé ìmọ̀ nípa òòfà àti àkókò jáde ní ọdún 1915. Lórí ìmọ̀ yẹn ni gbogbo ohun tí a ti ń sọ láti òkè dúró lé.

Láti ìgbà náà, AIMS ti bí ọmọ. Èyí tó wà ní Sẹ̀nẹ̀gàl ṣí ní ọdún 2011, ní ìlú Mbour lẹ́bàá òkun. Ti Ghánà ṣí ní ọdún 2012, ti Kamẹrúùnù ní ọdún 2013, ti Rùwándà ní ọdún 2016. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti jáde níbẹ̀ ti ju 2,000 lọ. Àwọn ọmọ Benin àti ọmọ Tógò wà lára wọn. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ yege nínú ìṣirò tàbí irú ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ ọn ní yunifásítì. Ẹni tí wọ́n bá mú ń gba ìrànlọ́wọ́ owó tó tó fún ilé, oúnjẹ àti ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ọdún náà.